Ẹ̀rí ìsopọ̀ sí iṣẹ́ ìṣàn ìṣẹ̀lẹ̀ orí àwọsánmà

Ẹ̀rí ìsopọ̀ ni àkójọ ọ̀rọ̀ tí ètò kọ̀ǹpútà kan ń fi han iṣẹ́ ìṣàn ìṣẹ̀lẹ̀ orí àwọsánmà kí iṣẹ́ náà tó gbà á láyè láti fi ìròyìn ránṣẹ́ síbẹ̀ tàbí láti ka èyí tó ti wà níbẹ̀. Ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni àdírẹ́sì sáfà, orúkọ tí ètò náà ń jẹ́ níwájú iṣẹ́ ọ̀hún, àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan. Lára àwọn iṣẹ́ tó ń béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni Azure Event Hubs ti ilé-iṣẹ́ Microsoft, Confluent Cloud, Amazon Kinesis, Google Cloud Pub/Sub àti IBM Event Streams.

Ẹ̀rí ìsopọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ènìyàn ń tẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó ti ètò kọ̀ǹpútà láti máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀gbẹ́ ètò náà ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí, a sì lè máa lò ó fún oṣù tàbí ọdún púpọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mú un lọ́wọ́ ni iṣẹ́ náà yóò kà sí ẹni tó ni ín. Nítorí èyí, ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù nínú gbígbà á: irú ẹ̀tọ́ tí a béèrè, ètò tí a béèrè rẹ̀ fún, àti bí a ó ṣe sọ ọ́ di aláìwúlò bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí ìṣàn ìṣẹ̀lẹ̀ jẹ́

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìṣẹ̀lẹ̀ ni àkọsílẹ̀ kékeré pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan: ẹnì kan sanwó, ọkọ̀ kan dé ibùdókọ̀, òṣùwọ̀n kan wọn àpò kòkó kan. Ìṣàn ìṣẹ̀lẹ̀ ni títo irú àwọn àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí àwọn ètò mìíràn lè kà wọ́n lójú ẹsẹ̀ tàbí nígbà tó bá yá. Ètò tó ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ránṣẹ́ ni olùfiránṣẹ́, èyí tó ń kà á ni olùgbà. Àwọn méjèèjì kò ní láti mọ ara wọn, nítorí pé iṣẹ́ ìṣàn náà ló wà láàárín wọn. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó jọra ni a ń kó sábẹ́ àkọlé kan náà.

Àwọsánmà, ní ìlò yìí, túmọ̀ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn tí a ń yá lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà wà, ẹnikẹ́ni ní ayé lè dé ibẹ̀ kó sì kànkùn. Ẹ̀rí ìsopọ̀ ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó yẹ kó wọlé àti ẹni tí kò yẹ kó wọlé.

A lè fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Kí a gbà pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan ní Erìò-Èkìtì ní òṣùwọ̀n mẹ́ta tó lè lo íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé àpò kan sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n náà yóò fi ìwọ̀n rẹ̀, nọ́ńbà àgbẹ̀ tó ni ín àti àkókò ránṣẹ́ sí iṣẹ́ ìṣàn orí àwọsánmà. Ètò ìṣirò owó ẹgbẹ́ náà yóò wá máa ka àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, yóò sì máa ṣírò ohun tó tọ́ sí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni olùfiránṣẹ́, ètò ìṣirò owó sì ni olùgbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nílò ẹ̀rí ìsopọ̀.

Ìtàn

Ètò ìṣàn ìṣẹ̀lẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ ni Apache Kafka. Jay Kreps, Neha Narkhede àti Jun Rao ló ṣe é nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ LinkedIn ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Orúkọ òǹkọ̀wé Franz Kafka ni Kreps fi sọ ọ́. Ní ọdún 2011 ni wọ́n sọ kóòdù rẹ̀ di èyí tí gbogbo ènìyàn lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì di ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ àgbà ní Apache Software Foundation ní 2012.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Kafka kì í béèrè ẹ̀rí kankan. Ètò kọ̀ǹpútà yòówù tó bá ti lè dé ọ̀dọ̀ sáfà rẹ̀ lè kọ ìṣẹ̀lẹ̀ síbẹ̀ tàbí kó ka èyí tó bá wù ú. Èrò àwọn tó ń lò ó ni pé inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ ni sáfà náà wà, àti pé ògiri tó yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ká ti tó. Ẹ̀dà 0.9 tó jáde ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ló kọ́kọ́ mú ìdánimọ̀ olùlò, ìpín ẹ̀tọ́ àti sísọ ìròyìn di àdììtú lójú ọ̀nà wọ inú Kafka.

Láàárín àkókò kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣàn ìṣẹ̀lẹ̀ yáni lórí àwọsánmà. Amazon gbé Kinesis jáde ní 2013, Microsoft gbé Event Hubs jáde ní 2014, Google sì ṣí Pub/Sub sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2015. Àwọn mẹ́ta tó ṣe Kafka dá ilé-iṣẹ́ Confluent sílẹ̀ ní 2014, Confluent Cloud sì tẹ̀lé e ní 2017. Bí iṣẹ́ náà ṣe kúrò nínú ilé bọ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ògiri tí wọ́n ti ń gbẹ́kẹ̀ lé kò sí mọ́. Ẹ̀rí ìsopọ̀ ló rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ẹ̀rí ìsopọ̀

Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pe àwọn ẹ̀yà ẹ̀rí náà yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe jọra.

* Àdírẹ́sì sáfà: orúkọ ibi tí ètò náà yóò kàn sí, pẹ̀lú nọ́ńbà pọ́ọ̀tù rẹ̀. Confluent Cloud ń lo pọ́ọ̀tù 9092. Event Hubs ń lo 9093 fún ètò tí a kọ ní ìlànà Kafka.
* Orúkọ ìdánimọ̀: ohun tí iṣẹ́ náà fi mọ ẹni tó ń kàn sí i. Kì í ṣe àṣírí.
* Kọ́kọ́rọ́ àṣírí: ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó gùn, tí kọ̀ǹpútà ṣà jọ láìní ìtumọ̀, tí kò sì yẹ kí ẹlòmíràn rí.
* Ìlànà ìfìdímúlẹ̀: bí a ṣe ń gbé orúkọ àti kọ́kọ́rọ́ náà kalẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fún Kafka orí àwọsánmà ni SASL/PLAIN, tí a máa ń lò lórí ọ̀nà tí TLS ti sọ di àdììtú kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà má baà lè kà á.

Azure Event Hubs máa ń kó gbogbo rẹ̀ sínú ìlà kan ṣoṣo tí a lè pè ní gbólóhùn ìsopọ̀. Bí ó ṣe máa ń rí nìyí:

Endpoint=sb://ORÚKỌ.servicebus.windows.net/;SharedAccessKeyName=ORÚKỌ-ÌLÀNÀ;SharedAccessKey=KỌ́KỌ́RỌ́

Apá kìíní ni àdírẹ́sì, apá kejì ni orúkọ ìdánimọ̀, apá kẹta ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Bí ó bá jẹ́ pé àkọlé kan ṣoṣo ni a gba ẹ̀rí náà fún, apá kẹrin tó ń jẹ́ EntityPath yóò tẹ̀lé e, orúkọ àkọlé náà ni yóò sì wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń gba ẹ̀rí ìsopọ̀

Ìgbésẹ̀ tó wọ́pọ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ni ìwọ̀nyí:

1. Ṣíṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fi àwọsánmà yáni.
2. Yíyan ẹkùn tí sáfà yóò wà, kí a sì dá iṣẹ́ ìṣàn náà sílẹ̀ níbẹ̀.
3. Dídá àkọlé tí ìṣẹ̀lẹ̀ yóò máa wọ̀ sílẹ̀.
4. Dídá orúkọ ìdánimọ̀ sílẹ̀ fún ètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí yóò lo àkọlé náà.
5. Yíyan ẹ̀tọ́ tí orúkọ ìdánimọ̀ náà yóò ní.
6. Gbígba kọ́kọ́rọ́ àṣírí, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó láàbò.
7. Fífi ìṣẹ̀lẹ̀ kan ránṣẹ́ láti dán ìsopọ̀ náà wò.

*Azure Event Hubs.* Lẹ́yìn tí a bá ti dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ lórí ojú-ìwé Azure, abala tí wọ́n kọ «Shared access policies» sí ni a ti ń rí ẹ̀rí. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń dá ìlànà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ RootManageSharedAccessKey, tó ní gbogbo ẹ̀tọ́ lórí gbogbo àkọlé. Ó yá láti dà kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í sínú ètò rẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé há ètò kan ṣoṣo. Èyí tó dára ni kí a ṣí àkọlé tí a fẹ́, kí a dá ìlànà tuntun sílẹ̀ níbẹ̀, kí a yan ẹ̀tọ́ tó yẹ, kí a wá da gbólóhùn ìsopọ̀ rẹ̀ kọ. Ètò tí a kọ ní ìlànà Kafka lè lo ẹ̀rí yìí kan náà: orúkọ rẹ̀ yóò jẹ́ $ConnectionString, gbogbo gbólóhùn ìsopọ̀ náà yóò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ìpele owó tó kéré jù lọ nínú Event Hubs, tí wọ́n ń pè ní Basic, kò gba ìlànà Kafka.

*Confluent Cloud.* Kọ́kọ́rọ́ API àti àṣírí rẹ̀ ni ẹ̀rí níbẹ̀. A lè dá a sílẹ̀ ní orúkọ ènìyàn tàbí ní orúkọ àkáǹtì iṣẹ́, èyí tí kì í ṣe ti ènìyàn kankan. Ti àkáǹtì iṣẹ́ ló yẹ fún ètò tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kí iṣẹ́ má baà dúró nígbà tí ẹni tó dá a sílẹ̀ bá kúrò nílé-iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ojú-ìwé náà ń fi àṣírí hàn. Ẹni tí kò bá tọ́jú rẹ̀ nígbà náà yóò ní láti dá kọ́kọ́rọ́ mìíràn sílẹ̀.

*Amazon Kinesis.* Ètò IAM ti Amazon ló ń pín ẹ̀tọ́. Kọ́kọ́rọ́ ìwọlé kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti àṣírí, àṣírí náà kì í sì í hàn lẹ́yìn ìgbà tí a dá a sílẹ̀. Olùlò kan kò lè ní ju kọ́kọ́rọ́ méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì yìí wà kí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo tuntun kí a tó pa ti àtijọ́ rẹ́.

*Google Cloud Pub/Sub.* A ń dá àkáǹtì iṣẹ́ sílẹ̀, a sì lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì JSON. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè gba fáìlì náà sílẹ̀.

*IBM Event Streams.* Abala «Service credentials» ni ẹ̀rí wà. Ipò tí a lè yàn fún un ni òǹkàwé, òǹkọ̀wé tàbí alákòóso. Nínú JSON tí ó ń mú jáde ni àdírẹ́sì àwọn sáfà àti kọ́kọ́rọ́ API wà. Bí ètò Kafka bá ń sopọ̀, orúkọ tí yóò lò ni «token», kọ́kọ́rọ́ API náà yóò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ìwọ̀n ẹ̀tọ́

Event Hubs pín ẹ̀tọ́ sí mẹ́ta: Send fún fífi ránṣẹ́, Listen fún kíkà, àti Manage fún àkóso, tó kó méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Àwọn iṣẹ́ yòókù ní irú ìpín bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà gbà ni pé kí ètò kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba ẹ̀tọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò, kó má ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú àpẹẹrẹ òṣùwọ̀n kòkó Erìò, òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan nílò ẹ̀tọ́ láti fi ránṣẹ́ nìkan, ètò ìṣirò owó sì nílò ẹ̀tọ́ láti kà nìkan. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó nílò ẹ̀tọ́ àkóso. Bí wọ́n bá jí òṣùwọ̀n kan gbé, ohun tí olè lè fi ẹ̀rí rẹ̀ ṣe kò ju kó fi ìwọ̀n èké ránṣẹ́ lọ. Kò ní lè ka iye kòkó tí àgbẹ̀ kankan tà, kò sì ní lè pa àkọlé rẹ́. Bí òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì ní ẹ̀rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹgbẹ́ náà yóò pa ẹ̀rí ẹyọ kan rẹ́, méjì yòókù yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ alákòóso kan ṣoṣo ni wọ́n pín fún gbogbo ẹ̀rọ, olè kan ti di alákòóso nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ yóò sì dá gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ ọjà dúró.

Ẹ̀rí afọwọ́mú àti ẹ̀rí ìdánimọ̀

Ẹ̀rí tí a ti ń sọ bọ̀ láti òkè jẹ́ afọwọ́mú: ẹni tó bá mú un dání ni iṣẹ́ náà gbà gbọ́. Oríṣi kejì ni ẹ̀rí ìdánimọ̀. Nínú oríṣi yìí, a kì í fún ètò kọ̀ǹpútà ní kọ́kọ́rọ́ tó lè tọ́jú. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọsánmà tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí i, tí ó sì ń fún un ní ẹ̀rí onígbà díẹ̀ tí yóò di aláìwúlò fúnra rẹ̀. «Managed identity» ti Azure àti «role» ti Amazon jẹ́ irú èyí.

Oríṣi méjèèjì yìí ní ohun tó jọ wọ́n nínú ìṣèjọba Yorùbá àtijọ́. Ọba lè fi ọ̀pá rẹ̀ rán ìránṣẹ́, àwọn tó bá rí ọ̀pá náà yóò sì gbà pé láti ẹnu ọba ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ẹni yòówù kó gbé e wá. Ní ààfin Ọ̀yọ́, ẹ̀wẹ̀, orí tí wọ́n fá apá kan rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá Ìlàrí mọ̀. Ọ̀pá lè sọnù tàbí kí wọ́n jí i. Àmì Ìlàrí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Microsoft, Google àti Amazon ló ń gba àwọn oníbàárà wọn nímọ̀ràn láti lo ẹ̀rí ìdánimọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ̀rọ tó wà lóde àwọsánmà, bí òṣùwọ̀n tó wà nínú ọjà, kò ní àwọsánmà tí yóò jẹ́rìí sí i. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì nílò ohun kan tí yóò mú lọ́wọ́.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà ìsopọ̀

Bí ìsopọ̀ bá kọ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀rí fúnra rẹ̀ kò dára. Àwọn ìdí tó wọ́pọ̀ ni ìwọ̀nyí:

* Àlàfo tàbí ìlà tuntun tó ṣèèṣì wọ inú kọ́kọ́rọ́ nígbà tí a dà á kọ, tàbí àmì «=» ìparí rẹ̀ tí a fi sílẹ̀.
* Lílo ẹ̀rí àkọlé kan láti wọ àkọlé mìíràn.
* Lílo ẹ̀rí tó ní ẹ̀tọ́ láti fi ránṣẹ́ nìkan láti kà. Iṣẹ́ náà yóò dá olùlò mọ̀, ṣùgbọ́n yóò kọ̀ fún un.
* Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ìwé tàbí ilé-iṣẹ́ tó dí pọ́ọ̀tù tí iṣẹ́ náà ń lò.
* Aago ẹ̀rọ tí kò tọ̀nà. Ẹ̀rí onígbà díẹ̀ ní àkókò tí yóò parí. Ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ ti sáré kọjá tàbí tó ti rẹ̀yìn lè dà bí ẹni tó mú ẹ̀rí àná wá.

Ìtújáde ẹ̀rí

Ibi tí ẹ̀rí ti sábà máa ń tú síta ni inú kóòdù. Olùkọ ètò yóò lẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú fáìlì kí iṣẹ́ lè yá, yóò gbàgbé rẹ̀, yóò sì fi fáìlì náà sórí GitHub, níbi tí àwọn olùkọ ètò ti ń pín kóòdù. Pípa á rẹ́ lẹ́yìn náà kò tó, nítorí pé ìtàn àtúnṣe fáìlì náà ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wá a.

Ní ọdún 2016, àwọn ajíhun orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ibi tí ilé-iṣẹ́ Uber ń pa kóòdù rẹ̀ mọ́ sí lórí GitHub. Wọ́n rí ẹ̀rí tó ń ṣí àkáǹtì Amazon ilé-iṣẹ́ náà níbẹ̀, wọ́n sì fi í kó ìwífún èrò ọkọ̀ àti awakọ̀ tó tó mílíọ̀nù 57. Oṣù Kọkànlá ọdún 2017 ni gbogbo ayé tó gbọ́. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Toyota kéde pé kọ́kọ́rọ́ kan tó ń ṣí sáfà iṣẹ́ T-Connect wà nínú kóòdù tí ẹnikẹ́ni lè rí lórí GitHub láti Oṣù Kejìlá ọdún 2017 títí di Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Àdírẹ́sì ímeèlì àti nọ́ńbà oníbàárà 296,019 ló ṣeé ṣe kí wọ́n ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, kọ́kọ́rọ́ tó tọ̀nà ni a ó fi ṣílẹ̀kùn. Kò sí ìlẹ̀kùn kankan tí ẹnikẹ́ni ní láti fọ́ níbi tí ìwífún náà wà.

GitHub ń yẹ kóòdù tó wà ní gbangba wò láti wá irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2024 ni ó ti sọ ọ́ di àṣà pé òun yóò dá olùlò dúró bí òun bá rí kọ́kọ́rọ́ tí òun mọ̀ nínú ohun tó fẹ́ gbé sí gbangba. Bó ti wù kó rí, ìlànà ìtọ́jú tí a gbà ni kí a má ṣe kọ ẹ̀rí sínú kóòdù rárá. A lè gbé e sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí kì í bá kóòdù lọ, tàbí sínú iṣẹ́ ìpamọ́ àṣírí bí Azure Key Vault àti AWS Secrets Manager.

Bí ẹ̀rí bá ti tú, ohun àkọ́kọ́ ni láti pa á rẹ́ tàbí láti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ẹni tó ṣe é. Event Hubs ń fún ìlànà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ méjì nítorí èyí. A ó kọ́kọ́ gbé àwọn ètò wa lọ sórí kọ́kọ́rọ́ kejì, a ó wá sọ ti àkọ́kọ́ di tuntun, iṣẹ́ kò sì ní dúró. Àwọn tó ṣọ́ra máa ń ṣe ìyípadà yìí lóòrèkóòrè, ì báà má tilẹ̀ sí ìtújáde kankan.

Ní Nàìjíríà

Orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwọsánmà ńlá ti kọ́kọ́ gbé ẹkùn wọn kalẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà: Microsoft ní 2019, Amazon ní Cape Town ní 2020, Google ní Johannesburg ní 2024. Olùlò ní Èkìtì tó bá yan irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ tàbí ti Yúróòpù gbọ́dọ̀ gba orí wáyà abẹ́ òkun kọjá. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etí òkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹ́kun tàbí fà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tó tọ̀nà kò lè so ètò kan pọ̀. Ètò tí a kọ dáadáa yóò tọ́jú ìṣẹ̀lẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi là.

Ìdíwọ́ mìíràn ni káàdì ìsanwó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àwọsánmà ń béèrè káàdì tó lè san owó dọ́là kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì. Ètò Azure for Students kò béèrè káàdì. Ímeèlì ilé-ìwé ni ó fi ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, ó sì ń fún un ní 100 dọ́là láti fi ṣe ìdánrawò.

Irú ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ olùkọ ètò ní Nàìjíríà kọ́kọ́ ń bá pàdé ni kọ́kọ́rọ́ API ti Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, tí Stripe sì kéde ní 2020 pé òun ń rà á. Paystack kì í ṣe iṣẹ́ ìṣàn ìṣẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ìsanwó ránṣẹ́ sí sáfà oníbàárà rẹ̀, ìlànà ẹ̀rí rẹ̀ sì jọ èyí tí a ṣàlàyé lókè. Kọ́kọ́rọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk_ ṣeé fi hàn ní gbangba, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_ jẹ́ àṣírí. Ti ìdánwò sì yàtọ̀ sí ti owó gidi. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí yìí kan náà ni sáfà oníbàárà fi ń yẹ ìbuwọ́lù tó wà lára ìṣẹ̀lẹ̀ wò, kó lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Paystack ló ti wá. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè ṣe ayédèrú ìròyìn pé a ti sanwó.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹfà ọdún 2023, kan ìtújáde ẹ̀rí bí ìwífún ènìyàn bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí irú ìwífún bẹ́ẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà létí láàárín wákàtí 72 tó ti mọ̀, bí ìtújáde náà bá lè pa ẹ̀tọ́ àti òmìnira àwọn ènìyàn lára. Nínú àpẹẹrẹ Erìò, orúkọ àgbẹ̀, iye kòkó rẹ̀ àti owó tó gbà jẹ́ irú ìwífún bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá fi kọ́kọ́rọ́ alákòóso sínú òṣùwọ̀n ọjà ti gbé gbogbo rẹ̀ sínú ewu. Èyí tó fi ẹ̀tọ́ ìfiránṣẹ́ nìkan síbẹ̀ lè pàdánù òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tó bá òṣùwọ̀n náà lọ kò ní tú àṣírí àgbẹ̀ kankan.